Gbólóhùn Tí Mo Kọ Sínú Kóòtù Àna Mi

                                                  Ojúlé kẹrìnlá,
                                                  Lókè ṣọ́ọ̀bù aránbàtà,
                                                  Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kẹta.

Ọ̀rẹ́ mi àtàtà, agbẹnusọ mi ọjọ́sí,

Ṣé àlàáfíà ni o wà? Orúnkún ọ̀tún ńkọ́, ṣé ó ti ń jẹ́ kí o gun àtẹ̀gùn ilé ọmọ rẹ, àbí ẹ ṣì jọ ń jà? Àwọn ọmọ-ọmọ ńkọ́? Mo gbọ́ pé èyí tó kéré jù ti ń fi eyín já òwú. Ta ni ì bá fi jọ bí kò ṣe ìyá-ìyá rẹ̀! Ọkọ ọmọ rẹ náà ńkọ́, ẹni jẹ́jẹ́ tó ń fọ abọ́ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni rán an? Ní tèmi, ara le, a dúpẹ́. Ojú nìkan ló ń bá mi ṣe màgòmágó bí mo bá fẹ́ ki òwú bọ abẹ́rẹ́, ṣùgbọ́n bó pẹ́ bó yá, òwú á wọlé.

Mo mọ̀ pé o ti ń bi ara rẹ pé kí ló ṣe Àlùmágàjí tí kò kọ̀wé láti oṣù mẹ́jọ sẹ́yìn. Má wá ìdí rẹ̀ lọ síbi tó jìnnà. Inú ló ń bí mi sí ọ. Ọdún mẹ́rìndínlógún la fi jọ wà nínú yàrá ìránṣọ yìí. Ìwọ ni ẹnu, èmi ni ọwọ́. Oníbàárà á wọlé, ìwọ lo máa kí i, ìwọ lo máa bá a rẹ́rìn-ín, ìwọ lo máa fi Gẹ̀ẹ́sì bi í bó ṣe fẹ́ kí ọrùn aṣọ rí; èmi á wà lẹ́yìn kọ́tìnnì, màá máa gé, màá máa rán. Nígbà tí o wá ní o fẹ́ lọ máa gbé lọ́dọ̀ ọmọ rẹ, mo rò pé ìyẹn nìkan ni ìyà tí o máa fi jẹ mí. Àfi bí ìwé ṣe dé láti ilé ẹ̀kọ́ àgbà lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, pé wọ́n ti gba orúkọ mi wọlé fún kíláàsì Gẹ̀ẹ́sì ìrọ̀lẹ́. O ti lọ kọ orúkọ mi síbẹ̀ láìsọ fún mi! Mo ká ìwé náà sábẹ́ ẹsẹ̀ tábìlì tó ń mì. Mo ní o fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, èmi ẹni ọdún mẹ́tàdínlọ́gọ́ta. Ó dùn mí ju bí o ṣe lè rò lọ, torí mo rò pé láti gbogbo ọjọ́ yìí wá, ńṣe lo ń tijú mi.

Dárí jì mí. Ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni, mi ò sì fẹ́ bá wọn kà mí mọ́ ọlọ́ṣà. Ọpẹ́ ni lẹ́tà yìí. Bu omi mu, fara balẹ̀, torí ọ̀rọ̀ pọ̀.

Oṣù àkọ́kọ́ tí o lọ, ojú mi rí nǹkan. Obìnrin kan gbé aṣọ wá, ó ń sọ̀rọ̀, ó ń fọwọ́ kan apá aṣọ, èmi ń mi orí. Kí n tó mọ̀, mo ti gé ìka mẹ́rin kúrò ní ìṣẹ́tí, apá tó ní kí n gé sì wà bó ṣe wà. Ṣùgbọ́n ìyẹn kọ́ ló lé mi lọ sí kíláàsì o. Ọmọ mi ni.

Ọmọ mi àgbà, èyí tó ń wọn ẹrù ní ilé ìfìwéránṣẹ́, ló mú àfẹ́sọ́nà rẹ̀ wá sílé. Oníṣẹ́ iná ni ọmọkùnrin náà. Kó tó jókòó ló ti tún iná tó ń ṣẹ́jú lórí tábìlì ìgéṣọ mi ṣe. Mo fẹ́ràn rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé àwọn èèyàn rẹ̀ ò gbọ́ èdè wa, àwa náà ò gbọ́ tiwọn. Gẹ̀ẹ́sì nìkan ló lè so wá pọ̀, o sì mọ iye tí mo gbọ́ nínú Gẹ̀ẹ́sì. Ìyá ọmọkùnrin yìí, agbẹ̀bí ni wọ́n, gbogbo ẹni tó mọ̀ wọ́n ló sì ń sọ pé ọ̀rọ̀ kì í wọ́n wọn lẹ́nu.

Mo jókòó, mo rò ó. Mo rí ara mi lọ́jọ́ tí ọmọ mi bá bímọ: àwọn ará ilé ọkọ rẹ̀ á máa sọ̀rọ̀, wọ́n á máa rẹ́rìn-ín, èmi á jókòó sí kọ̀rọ̀ bí àpótí ẹrù, màá máa fi eyín hàn. Ọmọ mi fẹ́ wọ ilé tí mi ò ní lè tẹ̀ lé e wọ̀. Ni mo bá sọ fún un pé mi ò fẹ́. Mi ò sọ ìdí, ìtìjú ò jẹ́. Ó rò pé ọmọkùnrin náà ni kò wù mí. Kò bá mi jiyàn. O mọ̀ ọ́n, bí inú bá ń bí i kì í pariwo, ṣe ló máa ń dákẹ́. Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko la fi ń jẹun tó jẹ́ pé ṣíbí nìkan ló ń sọ̀rọ̀.

Àbúrò olóògbé ọkọ mi, ẹni tí mo bá ní kékeré nílé, tí gbogbo wa wá ń pè ní Alága nítorí bó ṣe máa ń darí ìpàdé tí ẹnikẹ́ni ò pè, ló wá dá sí ọ̀rọ̀ náà. Ó ní kí n jẹ́ kí ọmọ fẹ́ ẹni tó wù ú, pé lọ́jọ́ tí ìdílé méjèèjì bá pàdé, òun á gbẹnu sọ fún mi. Ọ̀rẹ́ mi, àyà mi là! Bí wọ́n bá fún Alága ní ìṣẹ́jú márùn-ún, wákàtí kan ló máa fi sọ bó ṣe kù díẹ̀ kóun di ọ̀gá níbi iṣẹ́. Mo ní dípò kí Alága fa ọmọ mi lé àna lọ́wọ́ lórúkọ mi, kí n kúkú lọ jókòó sórí àga àwọn ọmọdé. Mo sọ fún ọmọ mi pé kó fẹ́ ọkọ rẹ̀, kó kàn fún mi láàyè díẹ̀, kí n lè fẹnu ara mi bá ìyá ọkọ rẹ̀ sọ̀rọ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, mo yọ ìwé ilé ẹ̀kọ́ yẹn lábẹ́ ẹsẹ̀ tábìlì.

Àga náà sì kéré lóòótọ́! Ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni, agogo márùn-ún ìrọ̀lẹ́, orúnkún wa fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àgbọ̀n. Olùkọ́ wa kò ju ọmọ tí mo lè bí lọ, ṣùgbọ́n kì í gba ìranù. A jẹ́ mọ́kànlá: awakọ̀ méjì, aṣebúrẹ́dì kan tí ìyẹ̀fun kì í kúrò létí rẹ̀, wẹ́dà kan tó máa ń tòògbé, àtàwọn tó kù. Lọ́jọ́ kan, olùkọ́ kọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo sójú pátákó: “marry”. Ó ní kò sí ìdílé tí ọ̀rọ̀ yìí ò sí, ọ̀pọ̀ èèyàn ló sì ń ṣì í lò. Aṣebúrẹ́dì dìde, ó ní òun “marry with” ìyàwó òun lógún ọdún sẹ́yìn. Olùkọ́ ní rárá, pé lédè Gẹ̀ẹ́sì nǹkan kan ò gbọdọ̀ dúró láàárín “marry” àti ẹni tí èèyàn fẹ́, kí ó mú “with” yẹn kúrò níbẹ̀. Ó ní bó bá sì jẹ́ pé ẹni tó ti wà nínú ìgbéyàwó là ń sọ, “married to” là ń wí. Aṣebúrẹ́dì ní ó ti tó ogún ọdún tóun ti ń fi “with” sí i, ìyàwó òun ò sì fìgbà kan ráhùn. A rẹ́rìn-ín débi pé wẹ́dà jí.

Ohun tó yà mí lẹ́nu jù ni pé ọ̀rọ̀ kan náà ni fún ọkùnrin àti obìnrin. Ọkọ mi “marry” mi, èmi náà “marry” ọkọ mi. Nílé tiwa, wọ́n á ní ọkùnrin gbéyàwó, obìnrin lọ sílé ọkọ, bí ẹni pé ẹnì kan jókòó, ẹnì kejì ló rin gbogbo ìrìn. Mo ń rò ó títí mo fi délé.

Iṣẹ́ àṣetiléwá tó fún wa ni gbólóhùn mẹ́fà tó ní ọ̀rọ̀ yẹn nínú, nípa ẹbí wa, kí gbogbo rẹ̀ sì jẹ́ òtítọ́. Ọ̀kan gbọ́dọ̀ ní “not” nínú. O mọ̀ mí, ohun tí mo bá kọ sínú ìwé kì í dúró sí mi lórí. Ẹ̀yìn aṣọ ni ìwé tèmi. Ọdún mélòó la fi ń fi ṣọ́ọ̀kì kọ ìwọ̀n oníbàárà sẹ́yìn aṣọ, “apá ọ̀tún”, “tú u díẹ̀”, tí a ó sì gbọ̀n ọ́n dànù bí a bá rán an tán? Bẹ́ẹ̀ náà ni mo ṣe ń kọ́ Gẹ̀ẹ́sì mi. Gbogbo aṣọ tó gba orí tábìlì mi kọjá láti oṣù mẹ́fà, ó ti gbé ẹ̀kọ́ kan lẹ́yìn rí.

Lásìkò náà, kóòtù kan ló wà lọ́wọ́ mi, ti ìyá ọkọ ọmọ mi. Mo ní kí ọwọ́ mi kọ́kọ́ kí wọn, kí ẹnu mi tó dé. Ọmọ mi yá kóòtù wọn àtijọ́ wá, mo wọ̀n ọ́n láti èjìká dé ìṣẹ́tí. Mo mú aṣọ onírun àgùntàn aláwọ̀ aró fún ìta, mo mú sátíìnì aláwọ̀ ojú ọ̀run fún inú. Ẹ̀yìn sátíìnì yìí ni mo kọ gbólóhùn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà sí. Mo kọ ọ́ pé ọmọ mi máa fẹ́ oníṣẹ́ iná. Mo kọ ọ́ pé mo fẹ́ ọkùnrin kan tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Mo kọ ti àbúrò mi, mo kọ ti ìyá mi. Nígbà tó kan èyí tó ní “not”, mo fojú inú gbé agbẹ̀bí yẹn ka iwájú mi, mo sì kọ ohun tó wà nínú mi: “I did not want my daughter to marry your son.” Pé mi ò fẹ́ kí ọmọ mi fẹ́ ọmọ yín. Mo wò ó, inú mi dùn. Kò sí “with” kankan níbẹ̀!

Ibi tí mo ti kó sí wàhálà rèé. Ṣọ́ọ̀kì funfun ti tán. Mo wo inú dúrọ́ọ̀ rẹ, mo rí ṣọ́ọ̀kì tí wọ́n fi ìda ṣe, èyí tí o fi sílẹ̀, òun ni mo fi kọ gbogbo rẹ̀. Ṣé o rántí ohun tí o máa ń wí? Pé bí ó bá ti wà lórí sátíìnì, áyọ́ọ̀nù ò gbọdọ̀ kàn án, torí ìda á yọ́ wọnú aṣọ, kò sì ní jáde mọ́. Ìwọ lo rántí, èmi ò rántí. Mo gbọ̀n ọ́n, ojú mi sọ fún mi pé ó ti lọ. Mo rán aṣọ inú mọ́ kóòtù, mo tẹ áyọ́ọ̀nù mọ́ ọn dáadáa láti ìta, mo dì í, ọmọ mi gbé e lọ.

Lọ́jọ́ kẹrin, mo mú àgékù sátíìnì kan tí mo ti kọ́kọ́ fi dán ọwọ́ wò, mo ní kí n fi bo bọ́tìnnì. Bí mo ṣe lọ̀ ọ́ báyìí, ọ̀rọ̀ là jáde sójú rẹ̀, ó ń dán bí òróró. Ó yí padà, ọ̀tún di òsì, ṣùgbọ́n ìkọ̀wé mi ni. Ẹyin lohùn, wọ́n ní bó bá balẹ̀ fífọ́ ló ń fọ́. Tèmi ò tiẹ̀ tíì dé ẹnu tó ti fọ́.

Mo sọ fún ọmọ mi nígbà tó tibi iṣẹ́ dé. Ó bi mí pé kí ni mo kọ. Nígbà tí mo sọ ọ́, ó jókòó sórí àtẹ̀gùn pẹ̀lú báàgì léjìká.

“Màámi, nínú gbogbo ohun tí ẹ lè kọ!”

Ó wá sọ fún mi pé ìyá ọkọ òun ti ránṣẹ́ láàárọ̀ yẹn. Wọ́n ní kóòtù bá àwọn mu, àwọn sì dúpẹ́, ṣùgbọ́n àwọn fẹ́ rí èmi nìkan kí ìdílé méjèèjì tó jókòó lọ́jọ́ Àbámẹ́ta. Ọmọ mi ò tún sọ nǹkan kan mọ́ lálẹ́ ọjọ́ náà. Ìdákẹ́ yẹn ló dùn mí jù lọ. Mo rí i pé mo ti fẹ́ fọwọ́ ara mi wó ilé tí ọmọ mi ò tíì kọ́. Mo sáré tọ olùkọ́ lọ, ó ràn mí lọ́wọ́, a to ẹ̀bẹ̀ gbólóhùn mẹ́rin, mo kọ́ ọ sórí nínú ọkọ̀, mo kọ́ ọ sórí nídìí ìkòkò.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta tó kọjá yìí la lọ. Àjà kẹta ni wọ́n ń gbé. Yàrá ìgbàlejò mọ́ tónítóní, àga mẹ́sàn-án ló wà níbẹ̀, mo sì mọ̀ pé wọ́n yá mẹ́ta nínú rẹ̀ lọ́wọ́ aládùúgbò torí ìránṣọ ìrọ̀rí wọn ò jọra. Alága ti so táì, ó ká ìwé ojú ewé mẹ́ta sápò. Agbẹ̀bí náà ò jẹ́ kí n jókòó. Obìnrin gíga ni wọ́n, wọ́n ń rìn bí ẹni tí aboyún ń pè. Wọ́n dì mí lápá mú, ó di inú yàrá, wọ́n ti ilẹ̀kùn. Kóòtù wà lórí bẹ́ẹ̀dì. Wọ́n ṣí i, wọ́n kọjú inú rẹ̀ sí dígí kọ́bọ́ọ̀dù. Gbogbo ọ̀rọ̀ tó ti yí padà tún ara rẹ̀ tò lójú dígí, ó ṣe é kà ketekete. Wọ́n fi ìka lé gbólóhùn karùn-ún, wọ́n bi mí bóyá èmi ni mo kọ ọ́. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

Ẹ̀bẹ̀ gbólóhùn mẹ́rin? Ó ti fò lọ, kò ṣẹ́ ku ẹyọ kan. Mo ń gbọ́ ohùn Alága láti yàrá kejì, ó ti ń bẹ̀rẹ̀. Ó wá sí mi lọ́kàn pé kí n ṣílẹ̀kùn kí n pè é. Ọwọ́ mi ti kan ilẹ̀kùn. Ṣùgbọ́n mo rò ó pé kí ni Alága fẹ́ sọ? Kò mọ ohun tó wà nínú mi. Mo yíjú padà, mo tẹrí ba díẹ̀, torí “you” kan náà ni Gẹ̀ẹ́sì ní fún ọmọdé àti àgbà, mi ò sì fẹ́ kí wọ́n rò pé mi ò lẹ́kọ̀ọ́ ilé. Mo ní lóòótọ́ ni, mi ò fẹ́. Mo ní ẹ̀rù ló bà mí. Mo ní mi ò lè bá yín sọ̀rọ̀; ọmọ mi ń lọ, ọmọ-ọmọ ń bọ̀, ẹ̀yin ń rẹ́rìn-ín, èmi jókòó, mi ò gbọ́. Mo ní ọmọ yín dára, kì í ṣe òun, èmi ni. Ọ̀rẹ́ mi, Gẹ̀ẹ́sì yẹn fọ́ yángá! Bí olùkọ́ mi bá wà níbẹ̀, ì bá fọwọ́ bojú. Ṣùgbọ́n èmi ni mo sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Wọ́n jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ kóòtù. Nígbà tí wọ́n máa sọ̀rọ̀, wọ́n rọra sọ ọ́ kí n lè bá wọn lọ. Wọ́n ní àwọn náà ò fẹ́. Mo ní kí wọ́n jọ̀wọ́ tún un wí. Wọ́n tún un wí. Wọ́n ní ọmọ àwọn ti sọ fún àwọn pé ìyá ìyàwó òun kì í bá òun sọ ju “welcome” lọ, àwọn sì rò pé ìgbéraga ni, pé iṣẹ́ ọwọ́ ọmọ àwọn kò tó nǹkan lójú mi. Ó ti pẹ́ tí ọkàn àwọn ò balẹ̀, torí àwọn rò pé ilé tí wọn ò ti ní fẹ́ràn rẹ̀ ló ń wọ̀. Nígbà tí àwọn rí gbólóhùn yìí lójú dígí, inú kọ́kọ́ bí àwọn. Lẹ́yìn náà ni àwọn ka ìyókù, tí àwọn rí ibi tí mo ti kọ, tí mo pa á rẹ́, tí mo tún un kọ. Wọ́n ní èèyàn kì í ṣe irú iṣẹ́ yẹn nítorí ẹni tí kò kà sí.

Mo bú sẹ́rìn-ín, ẹkún sì wà nínú rẹ̀. Àwọn náà bú sẹ́rìn-ín. Wọ́n bi mí pé kí ló yẹ kí àwọn mọ̀ nípa ọmọ mi. Mo ní bí inú bá ń bí i, á dákẹ́. Mo ní ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi í sílẹ̀ nínú ìdákẹ́ yẹn, ẹ wọlé tọ̀ ọ́ lọ. Wọ́n ní bí ọkàn ọmọ àwọn ò bá balẹ̀, ṣe ló máa ń tún nǹkan ṣe, pé bí mo bá rí i tó ń tú rédíò tí kò bàjẹ́, kí n bi í pé kí ló ṣe é. Bí a ṣe ń bá a lọ nìyẹn, wọ́n sọ ọ̀kan, mo sọ ọ̀kan. Ohun tí mi ò bá lè sọ, mo ń fọwọ́ júwe rẹ̀, wọ́n sì ń dúró dè mí.

Nígbà tí Alága kanlẹ̀kùn pé gbogbo ilé ń dúró dè wá, àwa méjì ti parí ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó. Ó ṣì ka ojú ewé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta o, a sì pàtẹ́wọ́ fún un. Ọmọ mi ń wò mí láti òdì kejì yàrá. Mo mi orí sí i, omi sì bọ́ lójú rẹ̀. Kí n tó kúrò, mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n tú aṣọ inú kóòtù náà kí n fi tuntun sí i. Wọ́n kọ̀ jálẹ̀, wọ́n ní àwọn ò tíì ní aṣọ tó ń sọ òótọ́ rí.

Ọ̀rẹ́ mi, ohun tí mo fẹ́ dúpẹ́ lé lórí gan-an wá nìyí. Ká ní o ò lọ ni, ìwọ ni ǹ bá mú wọ yàrá yẹn. Ò bá sọ ọ́ dáadáa, Gẹ̀ẹ́sì rẹ ì bá dúró ṣinṣin, àna mi ì bá sì fẹ́ràn rẹ. Èmi ì bá wà lẹ́yìn rẹ, kí n máa fi eyín hàn. O mọ̀ pé bó ṣe máa rí nìyẹn, o sì fẹ́ràn mi débi tí o fi jẹ́ kí n bínú sí ọ. Oṣù mẹ́jọ ni mo fi di kùnrùngbùn lórí oore tí ẹnikẹ́ni ò ṣe fún mi rí. O ṣeun. O ṣeun gan-an ni.

Bá mi kí ọmọ rẹ àti ọkọ rẹ̀, kí o sì bá mi fọwọ́ pa ọmọ-ọmọ tó ń já òwú lórí. Aránbàtà ìsàlẹ̀ ní kí n kí ọ, ọmọ mi náà kí ọ, ó ní òun ń retí rẹ. Ọjọ́ kẹrìndínlógún oṣù karùn-ún ni ìgbéyàwó. Wá o, orúnkún dùn o, orúnkún ò dùn o. Ẹ̀gbẹ́ mi lo máa jókòó sí. Bí ẹnikẹ́ni bá sì fi Gẹ̀ẹ́sì bá mi sọ̀rọ̀, jọ̀wọ́, má dá a lóhùn. Jókòó jẹ́ẹ́, kí o gbọ́ mi.

                                                  Èmi ni tìrẹ, pẹ̀lú gbogbo ọkàn mi,
                                                  Àlùmágàjí.